Bí a ṣe ń fi ìpè fóònù ran ẹni tó ń jókòó pẹ́ lọ́wọ́ láti máa rìn

Aránṣọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti àárọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ló so ó mọ́ àga. Bí a bá kàn ń sọ fún un pé kó máa ṣe eré ìdárayá, a kò tíì sọ ìgbà tí yóò dìde àti ibi tí yóò rìn dé. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ ara bí ìrìn kíákíá, àti pé díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ.

Ká sọ pé ìyá yín ni aránṣọ náà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ́ ìgbà tí wọ́n ń jókòó àti ìgbà tí wọ́n ń dìde, kí ẹ lè rí àlàfo tó ti wà nínú ọjọ́ wọn tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀yìn ìrun ọ̀sán tàbí ìgbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Àlàfo méjì tó fún ìpè, ìyẹn ohùn tí ẹ ó gbà sínú fóònù wọn kí ó máa dún bí álààmù. Bí ìpè bá di márùn-ún lójúmọ́, ariwo lásán ni yóò dà.

Ọ̀rọ̀ tí fóònù yóò sọ ni iṣẹ́ gan-an. Kí ó dárúkọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àti ibi tí wọ́n ń lọ: “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ ti kírun tán. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi, kí ẹ rìn dé Àkábà Ìdènà kí ẹ sì padà.” Àkábà Ìdènà ni ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Ẹ bá wọn rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè mọ iye ìṣẹ́jú tó ń gbà. Bí ẹ̀gbọ́n wọn kan bá wà nítòsí, ohùn tirẹ̀ ló dára jù, kí ó fi oríkì pè wọ́n, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àjọkẹ́. Ọmọ kò lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro kí a fi oríkì pe ènìyàn kí ó má dáhùn.

Ohùn sàn ju ọ̀rọ̀ kíkọ lọ lọ́dọ̀ wa, nítorí Faransé ni ọ̀pọ̀ ẹni tó lọ sílé ìwé kọ́ kà. Ẹ gbà á sínú fóònù wọn, kí ẹ ṣí aago inú rẹ̀, kí ẹ fi ohùn náà ṣe ìró álààmù, kí ẹ sì yan wákàtí àti ọjọ́ tí yóò máa dún. Ọ̀pọ̀ fóònù ló gbà bẹ́ẹ̀, kò sì ná íntánẹ́ẹ̀tì kankan.

Kí ìrìn náà yá débi pé wọ́n lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n wọn kò lè kọrin. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ béèrè ìpè tí wọ́n tẹ̀ lé. Èyí tí wọ́n bá ti pa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wákàtí rẹ̀ ni kò bá wọn mu. Ẹ sún un. Nígbà tí Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀ tí aṣọ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ dín in kù sí ìpè kan péré, ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ohùn ẹ̀gbọ́n bá sì ti sú wọn, ẹ gba ti ọmọ-ọmọ.