Bí òbí ṣe lè ka káàdì èsì ọmọ rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdírì

Ọkún o, ẹ̀yin òbí. Bí a bá ti parí táàmù, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ láti Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀: "Kelòó ló ṣe?" Bí ọmọ bá ní òun ṣe kẹta, inú ilé á dùn, wọ́n á pa adìẹ. Bí ó bá ní òun ṣe kẹtàdínlógún, ojú bàbá á le. Káàdì ṣì wà nínú báàgì, ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́, èmi náà ni olùkọ́ kíláàsì SS2, ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ káàdì yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tí à ń kọ síbẹ̀, ipò ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kéré jù.

Ẹ wo bí ipò ṣe ń jáde. Ìwé gbàgàdà kan wà tí à ń pè ní broadsheet. Ibẹ̀ ni a máa ń kó máàkì gbogbo iṣẹ́ sí, a ó rò ó pọ̀, a ó fi iye iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe pín in, a ó wá to orúkọ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹni kìíní ní 61.4, ẹni karùn-ún ní 60.2. Máàkì kan àti díẹ̀ ló wà láàárín wọn, àmọ́ nílé, ọ̀kan ń jẹ itan adìẹ, wọ́n ń bú èkejì. Ní kíláàsì mìíràn, ẹni tó ṣe kejì lè má tilẹ̀ dé 50. Kí la fẹ́ fi kejì bẹ́ẹ̀ ṣe? WAEC ò bèèrè ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Nítorí náà, ẹ fi àtàǹpàkò bo ibi tí wọ́n kọ ipò sí, kí ẹ wá ka ìyókù.

Òpó méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: C.A., ìyẹn máàkì tí à ń kó jọ láàárín táàmù, àti ìdánwò. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, C.A. gba 40, ìdánwò ìparí táàmù gba 60. Àwọn kan ń lo 30 àti 70. Inú C.A. ni tẹ́ẹ̀sì tí à ń ṣe láàárín táàmù wà, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá, nígbà mìíràn iṣẹ́ ọwọ́ tàbí pírátíkà. Ọ̀pọ̀ òbí ń fo òpó méjèèjì, àròpọ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì. Ọ̀kan gba 36 nínú 40, ó gba 22 nínú 60. Èkejì gba 15 nínú 40, ó gba 43 nínú 60. Àwọn méjèèjì ní 58, C5 ni a ó kọ fún wọn. Ìṣòro wọn ò jọra rárá.

Ẹni àkọ́kọ́ yẹn, ẹ bèèrè ẹni tó ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní pólì ni. Ó sì lè jẹ́ pé orí kan ṣoṣo ni ọmọ náà lè kà mọ́, tí tẹ́ẹ̀sì bá ti kọjá, ó gbàgbé, tí a bá wá kó iṣẹ́ gbogbo táàmù jọ, ó dàrú mọ́ ọn lójú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni kò yá, agogo á lu kí wọ́n tó dé ìbéèrè kẹta. Ẹ ní kí tíṣà fi ìwé ìdánwò náà hàn yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ ó rí i bóyá òfìfo ló fi sílẹ̀ tàbí ó kọ ọ́ tí kò bọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara. Ọmọ kan kọ ọ́ báyìí: ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, ikùn, ìfun. Ó tò wọ́n dáadáa, lẹ́tà rẹ̀ sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ìlànà tí mo fi ń máàkì ń fi ìdajì máàkì fún orúkọ, ó ń fi máàkì kan fún ohun tí ibẹ̀ ń ṣe sí oúnjẹ. Máàkì méjì nínú mẹ́fà ló gbà. Bàbá rẹ̀ ní mo ti fi ọ̀bẹ gé máàkì ọmọ òun. Nígbà tí mo fi ìwé ọmọ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "O kàn há a sórí ni?"

Ẹnì kejì ńkọ́, ẹni tó gba 15 àti 43? Orí rẹ̀ pé. Kò sí níbẹ̀ ni. Táàmù kejì ni ẹ ó máa rí irú rẹ̀ jù nílẹ̀ wa níbí, torí ìgbà yẹn gan-an ni kajú ń bọ́. Ọmọ á tẹ̀lé ìyá àgbà lọ ṣa kajú, kó tó dé a ti ṣe tẹ́ẹ̀sì kìíní, oókan-oòjì oókan-oòjì, C.A. ti lọ. Èmi ò ní kí ẹ má ṣa kajú o. Owó ilé-ìwé wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a kọ iye ìgbà tí ilé-ìwé ṣí àti iye ìgbà tí ọmọ wá. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni à ń pe rẹ́jísítà, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Bí káàdì bá kọ 118 pé ilé-ìwé ṣí, tó kọ 84 pé ọmọ wá, 34 ló ṣẹ́ kù, ìyẹn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ìyá kan fẹ́ bá mi jà lórí èyí, ó ní ọmọ òun ò lè pa ilé-ìwé jẹ fún ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Òótọ́ ló sọ. A jókòó, a fi méjì pín in, ó wá ní, "Háà, kajú nìyẹn."

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ kọ lẹ́tà kékeré kó tó lọ, kí ọmọ sì bẹ tíṣà kó fún un ní tẹ́ẹ̀sì náà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Bí broadsheet bá ti parí, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án mọ́.

Ó kan lẹ́tà tí à ń kọ síwájú àròpọ̀. Ní SS, ìlànà WAEC ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń lò: 75 sókè ni A1, 70 sí 74 ni B2, 65 sí 69 ni B3, C4 bẹ̀rẹ̀ láti 60, C5 láti 55, C6 láti 50. D7 ni 45 sí 49, E8 ni 40 sí 44, ohun tó bá kéré sí 40 ni F9. Ẹ fi bírò fa ìlà sí abẹ́ 50. Láti 50 sókè ni kírẹ́díìtì. Ẹni tó ní 47 yege lóòótọ́, àmọ́ yunifásítì ò ní kà á mọ́ kírẹ́díìtì márùn-ún tí wọ́n ń bèèrè, tí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, tí ìṣirò sì sábà máa ń wà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "Pass" tù yín nínú.

Táàmù kẹta ni ìwọ̀n gbogbo ọdún ń jáde. Ọmọ tó gba 30 ní táàmù kìíní, 35 ní ìkejì, tó wá jí gìrì gba 70 ní ìkẹta, 45 péré ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó ń gba 54, 55, 56 láìpariwo ti kọjá rẹ̀.

Apá ìwà wà nísàlẹ̀: ìtètèdé, ìmọ́tótó, òótọ́ sísọ, 1 sí 5. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 4, tíṣà ń kánjú ni, ẹ kọjá. Bí 4 bá tò lọ tí 2 kan wá dá dúró láàárín, ẹ dúró níbẹ̀, torí tíṣà mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni. Ní ti "Ó lè ṣe jù báyìí lọ" tí a máa ń kọ, gbogbo ọmọ ayé ló lè ṣe jù báyìí lọ.

Ẹ má wá bá wa ní ọjọ́ tí a ń parí táàmù, ariwo pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì táàmù tuntun ló dáa, kí káàdì náà wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì bèèrè olùkọ́ iṣẹ́ tí máàkì ọmọ ti rẹlẹ̀ jù, kì í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ kó gbogbo káàdì láti SS1 sínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Ilé-ìwé máa ń fi máàkì C.A. ránṣẹ́ sí WAEC. Bí wọ́n bá ti gbé tíṣà kan lọ sí ìlú mìíràn, tí a ò sì rí ìwé máàkì rẹ̀, káàdì tó wà lọ́wọ́ yín la ó fi kọ ọ́.