Ìyẹ́ yẹn ti pọ̀ jù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo wo àwọn ìwọ̀ tí ẹ fi òwú àti ìyẹ́ dì bí kòkòrò láti fi pa trout (ẹja odò omi tútù), wọ́n dára, àmọ́ ìyẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Partridge and Orange ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òwú sílíkì aláwọ̀ ọsàn àti ìyẹ́ àparò kan ṣoṣo ni.

Ẹ já fùlùfúlù ìdí ìyẹ́ náà dànù, kí ẹ sì ya irun ẹ̀gbẹ́ kan kúrò pátápátá. Ṣónṣó rẹ̀ ni kí ẹ so mọ́ ìwọ̀, torí ìdí rẹ̀ nípọn, kì í fẹ́ tẹ̀. Ẹ wé e lẹ́ẹ̀kan àbọ̀, kó má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ìwọ̀ nọ́ńbà 14, ìwọ̀ kékeré, ni tèmi. Bí irun bá pọ̀, á gan pa sínú omi bí ìgbálẹ̀ (ìyàwó mi bi mí rí bóyá ilé ni mo fẹ́ fi gbá); bó bá mọ níwọ̀n, odò á máa mì í bí ẹsẹ̀ kòkòrò.

Bí ẹ bá dì í tán, ẹ kọ́kọ́ tì í bọ ife omi, kí ẹ fà á jáde. Bí ẹ ò bá rí òwú aláwọ̀ ọsàn náà láàárín irun, ẹ tú u.