Aṣọ òkè £35, wọ́n ní kí n san £29.60: bí mo ṣe jà á gbà

£29.60 ni wọ́n ní kí n san kí wọ́n tó lè gbé páálí kan tí kò ju páálí bàtà lọ wá sílé mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ló wà nínú ẹ̀? Gèlè kan, ìpèlé kan, fìlà ọkọ mi kan. Màmá mi ló lọ rà wọ́n ní ọjà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn fún ìgbéyàwó àbúrò mi, ₦70,000 ni gbogbo ẹ̀, bíi £35 nígbà yẹn. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ṣírò ọ̀hún: £14.60 ni VAT, ìyẹn owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, £15 ni owó tí ilé-iṣẹ́ tó gbé ẹrù fi lé e pé àwọn ti bá mi san VAT náà sílẹ̀. Owó iṣẹ́ wọn ju owó ìjọba lọ! Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Kì í ṣe pé mò ń sá fún owó orí o. Wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi, mi ò rojọ́. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò jẹ wọ́n. Òfin tó wà nílẹ̀ ni pé ẹ̀bùn tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí èèyàn ní Ìlú Ọba, tí iye rẹ̀ kò bá ju £39 lọ, kò sí VAT lórí ẹ̀. Iye ọjà nìkan ni wọ́n ń wò fún £39 yẹn, owó tí ẹ fi gbé e wá kò sí níbẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti lè ní kì í ṣe ẹ̀bùn, wọ́n á ro iye ọjà pọ̀ mọ́ owó ẹrù, wọ́n á sì gba 20% lórí àpapọ̀ ẹ̀. £35 tèmi àti £38 owó ẹrù ló bí £14.60 yẹn. Owó ibodè gan-an kò tilẹ̀ kàn mí, torí ọjà tí kò bá ju £135 lọ kì í san án. Àwọn tó sì ń sọ pé ọjà kékeré kì í san nǹkan kan, òfin àtijọ́ tó ní ọjà tí kò bá ju £15 lọ kì í san VAT ni wọ́n ṣì ń rántí. Wọ́n ti fagi lé ìyẹn láti January 1, 2021.



Nígbà tí mo fara balẹ̀ ka ìwé tí wọ́n fi ṣọwọ́ sí mi, mo rí ibi tí wàhálà ti wọlé. Níbi orúkọ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́, orúkọ màmá mi kọ́ ló wà níbẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ejẹ́ńtì tó gba ẹrù lọ́wọ́ wọn ní Dùgbẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ìdí tí ẹrù fi ń bọ̀, wọ́n kọ "Sale". Ohun tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́? "African clothes." Ó parí. Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níhìn-ín tó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ni kó rò ju pé ṣọ́ọ̀bù kan ní Nàìjíríà ló tajà fún mi? Ilé-iṣẹ́ kì í fún èèyàn ní ẹ̀bùn lójú òfin yìí.

Mo pe ejẹ́ńtì. Ó ní, "Àǹtí, bá a ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn o. Ẹ má bínú. Tó bá di ọjọ́ mìíràn, a ó kọ $5 sí i." Mo ní kó má dán an wò. Yàtọ̀ sí pé irọ́ ni, bí ẹrù bá sọnù, $5 náà ni wọn yóò san padà.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tó gbé ẹrù wálé. Lẹ́yìn tí wọ́n fi orin há mi létí títí, ọmọkùnrin kan gbé e, ó ní kí n sanwó ná, kí n wá lọ gbà á padà lọ́wọ́ HMRC, àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kí ẹ ti la etí yín dáadáa. Lóòótọ́ ni ọ̀nà àtigbowó padà wà. Fọ́ọ̀mù BOR286 ni ti ẹrù tó bá gba ọwọ́ Royal Mail tàbí Parcelforce wá, C285 sì ni ti kúríà yòókù. Àmọ́ VAT nìkan ni HMRC lè dá padà. £15 owó iṣẹ́ yẹn kò dé ọwọ́ ìjọba, ìjọba ò sì ní bá yín gbà á. Ìdí tí mo fi fàáké kọ́rí nìyẹn pé mi ò san kọ́bọ̀, àfi kí wọ́n tún un ṣírò.

Ni wọ́n bá ní kí n mú rìsíìtì wá.

Rìsíìtì! Láti ọjà Ọjẹ́! Màmá mi tún wọ mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ-òkè. Ìyá yẹn ní, "Rìsíìtì kẹ̀? Àbí aṣọ náà ya ni?" Ó rò pé a fẹ́ dá ọjà padà ni. Wọ́n ṣàlàyé títí, ó wá já ewé kan nínú ìwé gbèsè rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Aso oke, 70,000. E seun." Mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà. Kò sí déètì, kò sí orúkọ ẹni tó tajà, wọn ò mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Màmá mi tún padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ìyá náà tó ń bọ̀ láti ilé-ìwé ló bá wọn kọ ọ́, mo sì wà lórí fóònù tí mò ń pè é fún un: gèlè kan, òwú, ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, ₦25,000, ìpèlé kan, òwú kan náà, ₦30,000, fìlà kan, ₦15,000, déètì, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjà Ọjẹ́, Ìbàdàn. Nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́, àtàǹpàkò ìyá náà wà létí ìwé, etí aṣọ sányán kan sì yọ lábẹ́ ẹ̀. Mo ní ìwé gidi lọ́wọ́ báyìí, inú mi dùn.

Kí ni wọ́n tún bá yọ? Wọ́n ní orúkọ ìdílé ẹni tó sanwó yàtọ̀ sí tèmi. Ẹ gbà mí! Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́, orúkọ bàbá mi ni màmá mi ń jẹ́, ó sì ti ju ogún ọdún lọ tí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ wá ìwé ìbí mi jáde. Mo tún ka òfin, mo rí i pé kò síbi tó ti sọ pé ẹbí ẹni ló gbọ́dọ̀ fúnni ní ẹ̀bùn. Ohun tó bèèrè ni pé kó ti ọwọ́ ẹnì kan wá sọ́wọ́ ẹnì kan, kó jẹ́ ti ayẹyẹ bí ọjọ́ ìbí tàbí ìgbéyàwó, kó jẹ́ ohun tí èèyàn máa lò fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé pé ẹ̀bùn ni. Mo da ìyẹn kọ sí ímeèlì fún wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ orúkọ mọ́.

Èyí tó kù ni ti "Sale" yẹn. Mo fúnra mi kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún ejẹ́ńtì: pé akẹ́rù làwọn, àwọn ò ta nǹkan kan, orúkọ màmá mi ni kó wà níbẹ̀, àṣìkọ ọ́fíìsì àwọn ni "Sale". Òótọ́ pọ́ńbélé. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, mo jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó ẹrù. Kíá ló tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ilé-iṣẹ́ wọn, ó buwọ́ lù ú. Mo kó lẹ́tà yẹn, rìsíìtì, ẹ̀rí owó tí màmá mi san àti káàdì ìpè ìgbéyàwó sínú ímeèlì kan ṣoṣo. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa ń bọ́ sí bí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹni tuntun á sì tún bi yín léèrè látorí A.

Wọ́n yọ VAT. Wọ́n yọ £15. Mo fò sókè nínú kíṣíìnì. Ni mo bá tún rí £9 nísàlẹ̀: owó ìpamọ́. Àwọn tó dá ẹrù mi dúró ló ń gba owó ìdúró lọ́wọ́ mi! Ìnáwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gèlè ò tíì délé, mo san án. Mo ti kọ̀wé fẹ̀sùn kàn wọ́n lórí ẹ̀, mi ò sì ní jáwọ́.

Ohun kan tún wà tí mo rí nígbà tí mò ń ka òfin náà kiri, tó sì máa wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ máa ń kó ẹrù gbogbo ilé sínú páálí kan. Bí ẹ̀bùn ènìyàn mẹ́ta bá wà nínú ẹrù kan, olúkúlùkù ló ní £39 tirẹ̀, bí wọ́n bá ti wé ti kálukú lọ́tọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀, tí wọ́n sì tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá mi, wọ́n sì ti ra ọ̀rá àti máákà fún èyí tó ń bọ̀. Ẹran gbígbẹ nìkan la ṣì ń fà. Mo ní ẹran láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ Ìlú Ọba, bó ti wù kó kéré mọ. Wọ́n ní ọmọ Ìyá Sùúrù tó wà ní Manchester rí tirẹ̀ gbà.