Ẹ kọ iye tí ẹ rò sílẹ̀ kí ẹ tó ní ìgboro ti dàrú

Bí ìròyìn àti fíìmù bá ti ń mú kí ẹ̀rù ìgboro máa bà yín, ẹ mú bírò ná: nínú èèyàn 100 ládùúgbò yín, mélòó lẹ rò pé wọ́n jà lólè tàbí tí wọ́n lù lọ́dún tó kọjá? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka àwọn tí ẹ mọ̀ dáadáa tó ṣẹlẹ̀ sí, kí ẹ sì wo iye tí ìjọba gbé jáde. Ẹ má kàn rò ó lọ́kàn o. Bí ẹ bá ti rí iye gidi, ọkàn á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kì í fi ọjọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ hàn. Ta ló fẹ́ wo ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó jẹun, tó sùn? George Gerbner, olùṣèwádìí nípa tẹlifíṣọ̀n, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní Amẹ́ríkà pé àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tó wákàtí 4 lójúmọ́ máa ń rò pé ewu pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, wọn kì í sì í fẹ́ fọkàn tán èèyàn. Ṣùgbọ́n bí olè bá ń jà lóòótọ́ níbi tí ẹ ń gbé, ẹ̀rù yín kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí àwọn olùṣèwádìí Doob àti Macdonald rí ní Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 1979 nìyẹn: adúgbò fúnra rẹ̀ ló fa púpọ̀ nínú ẹ̀rù náà. Bí adúgbò yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yáa tilẹ̀kùn yín.