Bí Mo Ṣe Ya Gíráàfù Ìfúnpá Ẹ̀jẹ̀ Màmá Mi Pẹ̀lú Àwọn Ọjọ́ Tí Wọn Kò Kọ Sílẹ̀

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, màmá mi fún mi ní ìwé àjákọ kékeré tí wọ́n ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sí láràárọ̀, kí n lè fi ya gíráàfù tí wọn yóò mú lọ bá dókítà. Ọjọ́ 19 péré ni wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ọjọ́ 31. Wọ́n gbàgbé ní ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ kẹwàá àti ọjọ́ kejìlá, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n lọ sí Ìlọrin fún ìsìnkú mọ̀lẹ́bí wa kan, ẹ̀rọ náà sì wà lórí tábìlì nílé títí wọ́n fi dé ní ọjọ́ kẹtàlélógún. Mo rò pé wákàtí kan ti tó fún iṣẹ́ náà, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ méjì ló gbà mí.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú Excel (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to nọ́ńbà sínú àwọn àpótí), ọjọ́ ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ déètì ni kọ̀ǹpútà mi ń kà á, oṣù ló ń kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, 05/03/2024 di ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, 11/03/2024 sì di ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá. Nígbà tó kan 13/03/2024, kò rí oṣù kẹtàlá níbì kankan, ó wá gbà á bí ọ̀rọ̀ lásán, ó sì tì í sí apá òsì àpótí rẹ̀. Apá òsì yẹn ló là mí lójú, torí pé nọ́ńbà ni déètì jẹ́ lójú Excel, apá ọ̀tún ni nọ́ńbà sì máa ń wà: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni ó pè ní 1, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2024 sì jẹ́ 45352. Déètì mẹ́jọ ti sá lọ sínú oṣù mìíràn, mẹ́wàá ti di ọ̀rọ̀, 03/03 nìkan ló bọ́, kì í sì í ṣe ọgbọ́n mi ló yọ ọ́. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un tẹ̀ báyìí: 2024-03-05, èyí tí kò ṣeé kà sí ọ̀nà méjì.

Mo ya gíráàfù náà, mo tẹ ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì yan “Date axis” lábẹ́ “Format Axis”. Bí a bá fi í sí “Text axis”, ọjọ́ kẹtàlá àti ọjọ́ kẹtàlélógún yóò dúró ti ara wọn bí ẹni pé òwúrọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Àyè ọjọ́ mẹ́wàá ti wà láàárín wọn wàyí, ṣùgbọ́n Excel fa ìlà gbọọrọ kan kọjá lórí rẹ̀, láti 158 wá sí 136, ẹni tó bá wò ó yóò sì gbà pé díẹ̀díẹ̀ ni ìfúnpá náà ń wálẹ̀ ní Ìlọrin. Ta ló wọ̀n ọ́n níbẹ̀? Mo lọ sí “Select Data”, mo ṣí “Hidden and Empty Cells”, mo yan “Gaps”, síbẹ̀ ìlà náà kò já. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àpótí tó ṣófo ni “Gaps” ń wá, èmi kò sì ní àpótí kankan fún àwọn ọjọ́ yẹn rárá.

Mo wá to gbogbo ọjọ́ 31 sí òpó D, mo sì ní kí VLOOKUP máa bá mi wá nọ́ńbà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti òpó A àti B tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n sí. Kí àṣìṣe má bàa hàn, mo fi IFERROR bò ó, mo ní kó fi "" síbi tí kò bá ti rí nǹkan. Àṣejù ni mo ṣe níbẹ̀. Àpótí náà dà bí èyí tó ṣófo lójú wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀, òdo sì ni Excel máa ń yà fún un. Ìlà náà já wálẹ̀ dé òdo ní ìgbà mẹ́rin. Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì jẹ́ òdo, kì í ṣe dókítà la ó gbé e lọ bá mọ́. Mo yọ IFERROR kúrò, #N/A, àmì pé kò rí nǹkan, fara hàn, mo sì rí i pé “Show #N/A as empty cell” ti wà ní títẹ̀ nínú Excel tuntun tí mò ń lò. Lórí èyí tó ti pẹ́, tí kò ní àyè yẹn, ìlà yóò kàn so ojú nọ́ńbà méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà pọ̀ ni, kí a pa ohun tó wà nínú àwọn àpótí náà rẹ́ pátápátá ló dára jù.

Ìlà náà já níbi tó yẹ, àmọ́ 158 ọjọ́ kẹtàlá, tó ga jù lọ nínú gbogbo oṣù, ti pòórá. Màmá mi kò kọ ohunkóhun ní ọjọ́ kejìlá, kò sì sí ti ọjọ́ kẹrìnlá, ojú kan ṣoṣo kò sì lè di ìlà. Ọjọ́ kọkànlá náà bá a lọ. Mo fi àmì róbótó sí gbogbo ojú náà lábẹ́ “Marker”, àwọn méjèèjì sì padà.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e fún màmá mi. Wọ́n wọ ìgò ojú wọn, wọ́n fi ìka tọ ìlà náà dé ibi tó ti já, wọ́n ní, “Ìlọrin nìyí.”