Fákítọ̀rì oúnjẹ ní Ìlú Ọba: ìmọ́tótó, àìsàn, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí agogo bá dún

Iṣẹ́ fákítọ̀rì oúnjẹ wà lára iṣẹ́ tó máa ń tètè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba. Agency, iléeṣẹ́ tó ń báni wáṣẹ́, ló sábà máa ń múni wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á fi yín jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní induction, wọ́n á sáré ka òfin, wọ́n á sì ní kí ẹ tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ má tọwọ́ bọ ohun tí kò yé yín. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ. Ìwé yẹn náà ni wọ́n á gbé síwájú yín lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Dídákẹ́ ló máa ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà níbẹ̀ ju ìdọ̀tí lọ. Wọ́n tọ́ wa pé kí èèyàn máa mú nǹkan mọ́ra, kó má máa yọ ọ̀gá lẹ́nu lórí ohun kékeré. Ní fákítọ̀rì oúnjẹ, ẹni tó fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ tí kò sọ, àti ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe tó sì wá síṣẹ́, ni wọ́n ń lé. Ẹni tó bá sọ, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á tún ibẹ̀ ṣe, iṣẹ́ á tẹ̀ síwájú.

Ohun tí kò gbọdọ̀ bá yín wọlé

Yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aago, inú lọ́kà ni gbogbo wọn ń gbé. Òrùka ìgbéyàwó kan ṣoṣo tí kò ní òkúta lára ni ọ̀pọ̀ fákítọ̀rì ń fàyè gbà. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àti ìfúnpá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí bí aṣọ tilẹ̀ bò wọ́n: okùn lè já. Èékánná àtọwọ́dá, ọ̀dà èékánná àti irun ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́, èèwọ̀ ni. Lọ́fíńdà náà, torí bọ́tà àti ṣokoléètì máa ń fa òórùn mọ́ra kíákíá.

Hairnet, àwọ̀n tí wọ́n fi ń bo irun, ni ẹ ó kọ́kọ́ dé, kí ẹ tó wọ ẹ̀wù funfun. Bí ẹ bá wọ ẹ̀wù ṣáájú, irun tó bá re nígbà tí ẹ ń dé e á bọ́ sí èjìká, á sì bá yín wọlé. Etí gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Hairnet kan kì í sábà tó ẹni tó fi attachment dirun. Ẹ bèèrè èyí tó tóbi, tàbí kí ẹ dé méjì. Irùngbọ̀n ní ìbòjú tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní snood. Ẹni tó ń lo hijab, kó bèèrè ìlànà wọn lọ́jọ́ induction; píìnì ni kò gbọdọ̀ bá a wọlé.

Oúnjẹ inú báàgì ni ọ̀pọ̀ kì í rántí. Òfin Ìlú Ọba ka nǹkan 14 tó lè fa àlẹ́jì, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn bó bá wà nínú oúnjẹ tí wọ́n ń tà: ẹ̀pà, wàrà, ẹyin, ẹja, edé, sóyà, àlìkámà àti sẹ́sámì wà lára wọn. Àwọn fákítọ̀rì kan kò gba ẹ̀pà láàyè rárá, títí dé yàrá ìjẹun. Ẹ̀pà ni kúlíkúlí. Ẹ̀pà sì wà nínú yajì tí wọ́n ń wọ́n sórí sùúyà, bí ẹ ò tilẹ̀ rí i. Ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ ìka lè ṣekú pa ẹni tí ẹ̀pà kò bá lára mu. Ẹ fi wọ́n sílé.

Ẹnu ọ̀nà

Bẹ́ǹṣì kan máa ń wà tó pín òde sí inú. Ẹ bọ́ bàtà yín lápá òde, ẹ yí ẹsẹ̀ kọjá lórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ wá wọ bàtà fákítọ̀rì lápá kejì. Bàtà yẹn kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ̀yìn náà ni ọwọ́ fífọ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Àtàǹpàkò, àárín ìka àti abẹ́ èékánná ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ fi pépà nu ọwọ́ gbẹ, torí ọwọ́ tútù máa ń kó kòkòrò ràn ju ọwọ́ gbígbẹ lọ, kí ẹ tó fi jẹ́ẹ̀lì apakòkòrò sí i. Jẹ́ẹ̀lì nìkan kò tó. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí kì í jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́, norovirus tó ń fa èébì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá wọ ìbọ̀wọ́, ẹ mọ̀ pé ó ń dọ̀tí bí ọwọ́ ṣe ń dọ̀tí. Bí ẹ bá fi kan imú, fóònù tàbí ike ìdalẹ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ fọwọ́, ẹ wọ òmíràn.

Ibi tí wọ́n ń pè ní high care ni oúnjẹ tí oníbàárà ò ní sè mọ́ wà. Aṣọ ibẹ̀ àti bàtà ibẹ̀ yàtọ̀. Listeria, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń fa àìsàn, ni wọ́n ń bẹ̀rù. Òtútù fíríìjì tó ń fa ọwọ́ kòkòrò mìíràn sẹ́yìn kì í dá a dúró, ó lè ba oyún jẹ́, ó sì fẹ́ràn ihò omi ìdọ̀tí inú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi rọ́bà omi alágbára fọ́n ihò yẹn: omi á fọ́n káàkiri bí ìkùukùu, á gbé kòkòrò gun tábìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí ẹ bá ń fọ ẹ̀rọ, ẹ kó èérún kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, kí ẹ tó wá fi oògùn apakòkòrò sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Oògùn tí ẹ dà sórí ọ̀rá, ẹ dà á nù ni.

Àwọ̀ ìgbálẹ̀, ọ̀bẹ àti garawa ní ìtumọ̀. Fákítọ̀rì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ti ibi tí ẹ ti wá ṣiṣẹ́ níbi tuntun.

Inú rírun àti ọgbẹ́

Ìlànà Food Standards Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ, ni pé ẹni tó bì tàbí tó ya ìgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ sún mọ́ oúnjẹ títí wákàtí 48 á fi pé lẹ́yìn tí ó dáwọ́ dúró. Bó bá dáwọ́ dúró ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́rú ni ẹ tó lè padà, bí ara tilẹ̀ ti le koko láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A mọ̀ pé owó ló ń mú kí èèyàn fi pamọ́, pàápàá ẹni tí agency ń san owó fún ní wákàtí. Ẹ pè wọ́n kí shift tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kó lè ní àkọsílẹ̀.

Bí ọ̀bẹ bá gé yín, ẹ kúrò nídìí oúnjẹ kí ẹ̀jẹ̀ má kán sí i, kí ẹ ké sí súpáfáísọ̀. Pílásítà aláwọ̀ búlúù ni wọ́n á fi sí i: oúnjẹ aláwọ̀ búlúù ò wọ́pọ̀, nítorí náà ojú á tètè rí i, irin pẹlẹbẹ kan sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń wá irin lè rí. Èyí tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà ní irin. Bí pílásítà bá bọ́ sọnù, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí gíláàsì, ike líle tàbí ẹnu ọ̀bẹ bá ṣẹ́, ẹ dúró sójú kan, ẹ nawọ́ sókè, ẹ pariwo. Ẹ má gbá a. Ẹ má rìn kiri, torí abẹ́ bàtà ló ń gbé àfọ́kù lọ. Wọ́n á yẹ bàtà yín wò, wọ́n á sì kó àfọ́kù náà jọ láti mọ̀ bóyá ó pé.

Pàjáwìrì

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹ wá bọ́tìnnì pupa tó wà lórí àwọ̀ yẹ́lò. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fọwọ́ yọ ohun tó há sínú ẹ̀rọ, bó ti wù kó kéré tó, láìjẹ́ pé wọ́n ti pa iná rẹ̀ tí wọ́n sì ti fi àgádágodo tì í.

Bí agogo iná bá dún, ẹ gba ọ̀nà àbájáde tó sún mọ́ yín jù. Kò sí ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì, kò sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀, ẹ má sì padà lọ mú fóònù tàbí kóòtù. Ẹ dúró ní Assembly Point, ibi ìkórajọ níta, títí wọ́n á fi pe orúkọ yín. Ẹni tó bá yọ́ lọ sílé, àwọn panápaná lè wọ inú èéfín lọ wá a. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà, ìmọ́tótó bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀: ẹ̀wù tuntun, bàtà fífọ̀, ọwọ́ fífọ̀. Oúnjẹ tó wà ní ṣíṣí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń bójú tó ojúlówó ọjà ló máa pinnu.

Ẹ̀rọ amúǹkantutù ńlá lè máa lo gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní amonia. Bí ẹ bá gbóòórùn tó ta yín nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, ẹ kúrò kíákíá. Níta, ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ má sì bá a lọ. Ibi tí ẹ ó kóra jọ sí lè yàtọ̀ sí ti iná.

Oògùn ìfọǹkan tó bá ta sójú, omi mímọ́ ni kí ẹ máa ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹlòmíràn lọ pe ẹni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ má po bleach mọ́ oògùn tó ní ásíìdì láé, torí gáàsì olóró ló ń jáde. Bí nǹkan gbígbóná bá jó yín, omi tútù tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 20 náà ni. Ẹ fi àdí, ẹyin tútù àti ọṣẹ ìfọyín sílẹ̀.

Òfin ọdún 1974 lórí ààbò níbi iṣẹ́ kò gbà kí agbanisíṣẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín fún ohun ààbò tí òfin ní kó pèsè. Bí ẹ bá farapa, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú accident book, ìwé àkọsílẹ̀ ìjàǹbá, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 999, ṣùgbọ́n ní fákítọ̀rì ńlá, ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pẹ̀lú, torí òun ló máa mú ọkọ̀ áńbúláǹsì dé ẹnu ọ̀nà tó yẹ.