Ẹ má tọ́jú àtọ̀gbẹ bí ẹni ń tọ́jú ibà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ibà ni wọ́n ṣe ń tọ́jú àtọ̀gbẹ. Aláìsàn á wọlé, wọ́n á yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, wọ́n á kọ oògùn fún un, ó parí. Bí oògùn yẹn bá tán nílé tí kò sówó láti ra òmíràn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n á tún fojú kàn án, ẹsẹ̀ lè ti máa jẹrà, tàbí kí rọpárọsẹ̀ ti mú un. Àṣìṣe yìí ló bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyókù, ó sì ń dùn mí, torí owó tí àtúnṣe rẹ̀ ń gbà kò tó nǹkan: ìwé àkọsílẹ̀ kan lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ti ọmọ tàbí aládùúgbò rẹ̀ kan, ọjọ́ tó yẹ kó padà wá. Bí ọjọ́ bá kọjá tí ẹ ò rí i, ẹ pè é. Tó bá sì wá, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n bá jágbe mọ́ torí pé kò lo oògùn, irọ́ ló máa pa fún yín lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ má dúró dìgbà tí ènìyàn bá ń tọ̀ ní gbogbo òru kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù, lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìfi ara hàn. Ẹni tó wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó sanra níkùn, ẹni tí òbí rẹ̀ ní in, obìnrin tó ti bí ọmọ tó wúwo ju kílò mẹ́rin lọ: orí àga kan náà tí wọ́n jókòó sí ni kí ẹ ti yẹ ṣúgà wọn wò. Àwọn kan nílé wa ṣì gbà pé bí èèrà ò bá ṣù mọ́ ìtọ̀ èèyàn, kò ní àtọ̀gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé èèrà. Ṣúgà kì í sábà jáde sínú ìtọ̀ àfi tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL (mílígíráàmù ṣúgà nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan), bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí èèyàn tó fi nǹkan kan ẹnu, 126 ti tó àtọ̀gbẹ.

Ibi ìdánwò gan-an tún ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ìyá tó ń ta máńgòrò jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, ó nawọ́, wọ́n fi òwú onísípíríìtì nu ìka rẹ̀ fìrí, wọ́n gún un, ẹ̀rọ gbé 240 jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi máńgòrò tó gbẹ mọ́ ìka ni ẹ̀rọ kà mọ́ ẹ̀jẹ̀. Sípíríìtì nìkan lè má mú un kúrò. Kí màmá fi ọṣẹ àti omi fọwọ́, kí ọwọ́ gbẹ dáadáa. Bí omi ò bá sí, ẹ nu ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ dànù, kí ẹ lo ìkejì. Ẹ má ṣí ìgò strip, pélébé tí ẹ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kí ẹ̀rọ tó kà á, sílẹ̀ lórí tábìlì látàárọ̀ dalẹ́, torí ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Bí ẹni náà ò bá sì ní àmì àìsàn kankan, ẹ má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un. Ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn.

Oògùn tó ń bà mí lẹ́rù jù ni glibenclamide, oògùn oníhóró fún àtọ̀gbẹ, tí a fi lé àgbàlagbà lọ́wọ́ láìbi í bó ṣe ń jẹun. Ó ń fa ṣúgà wálẹ̀ yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹ, kì í sì í tètè kúrò lára, pàápàá bí kíndìnrín ò bá ṣe dáadáa mọ́. Bàbá lo oògùn lálẹ́, oúnjẹ ò sí, ó dòru, ó ń làágùn, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sílé àdúrà, bẹ́ẹ̀ ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù. Kí bàbá tó kúrò níwájú yín ni kí ẹ ti sọ fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀: ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́ta nínú omi, bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, kí wọ́n má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n gbé e wá kíákíá. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ náà, kí ààwẹ̀ tó wọlé ni kí ẹ ti bá a tún oògùn rẹ̀ tò.

Ẹ má fi ínsúlínì, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, du ẹni tó nílò rẹ̀ torí pé kò sí fíríìjì nílé rẹ̀. Médecins Sans Frontières, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣèrànwọ́ kárí ayé, àti Yunifásítì Geneva gbé ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí ohun tí wọ́n rí ní àgọ́ àwọn tó sá àsálà ní Kẹ́ńyà: ínsúlínì tó wà níbi tí ooru ti ń lọ láti 25 sí 37 lórí ìwọ̀n Celsius fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò pàdánù agbára rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan nínú èkejì, iyanrìn tí a fi omi rin láàárín wọn, ínsúlínì nínú nylon tí omi ò lè wọ̀: ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kó dì. Èyí tó bá ti dì bíi yìnyín, ẹ dà á nù.

Ní ti oúnjẹ, ẹ yéé sọ pé ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa jẹ. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ga bí òkè á gbé ṣúgà sókè. Kí òkèlè dínkù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i, kí mínírà kúrò ńlẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn àtọ̀gbẹ lọ láìbọ́ bàtà. Ẹ wo àárín ọmọ ìka àti àtẹ́lẹsẹ̀. Kó di ojú, kí ẹ fi orí ìka yín kan àtàǹpàkò rẹ̀, ọmọ ìka àárín àti èyí tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ méjèèjì, fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì péré, kó máa sọ ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n lára. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ní ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú, kò mọ nǹkan lára dáadáa mọ́. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má rìn láìwọ bàtà, kó má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, kó má sì jẹ́ kí àwọn tó ń gé èékánná kiri fi abẹ kàn án.

Ọmọdé tó ń mu omi bí ẹni pé òùngbẹ ò tán, tó ń rù, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́: ẹ má sáré sọ pé ibà ni kí ẹ sì fa omi onídextrose, ìyẹn omi oníṣúgà, sí i lára. Ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò ná. Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn aboyún tí ṣúgà wọn ga ni a máa ń gbàgbé jù. Tí wọ́n bá ti bímọ láyọ̀, ó ti parí lójú wa, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni àtọ̀gbẹ sábà máa ń padà wá bá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbí ló yẹ kí ẹ tún yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkẹwàá sì ni ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ti wà níwájú yín. Ẹ sọ fún un ṣáájú kó má jẹun kó tó wá, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún ọdún tó ń bọ̀.